Bí Ọ̀nà Kan Kò Bá Dí: Láti Ọ̀dọ̀ Oníbodè Dé Orí Táàgì Inú Ọkọ̀ Oníná

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná. Ó ní òun ti dágbére fún ilé epo, ọkọ̀ náà kò pariwo, inú òun sì dùn sí i. Ohun kan ṣoṣo ló ń fún òun ní ẹ̀fọ́rí, ìyẹn táàgì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ láti fi san owó ọ̀nà. Nínú ọkọ̀ òun àtijọ́, ọdún mẹ́fà ni táàgì náà fi ṣiṣẹ́ láìyẹ̀. Nínú tuntun yìí, ẹnubodè á rí i lónìí, kò ní rí i lọ́la. Ìgbà tí kò bá rí i, kámẹ́rà á ya nọ́ḿbà ọkọ̀, ìwé owó á dé sílé, owó ìtanràn á sì wà lórí rẹ̀. Ó wá bi wá pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn, ṣé àwọn baba wa rí irú èyí?"

Yàrá kan ní òpópónà Oda, ní Àkúrẹ́, la jókòó sí nígbà tí a gbọ́ ọ. Ẹ̀rín la kọ́kọ́ rín, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ní kẹ̀kẹ́ ológeere, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọkọ̀ oníná. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, a rí i pé ìbéèrè gidi ni ẹ̀gbọ́n béèrè. Ìlú Oǹdó tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti wá, tí a máa ń wọ ọkọ̀ lọ láti Àkúrẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, ìjà owó ọ̀nà wà lára ohun tó jí i dìde padà. Nítorí náà, a pinnu láti fi ìtàn dá ẹ̀gbọ́n lóhùn. Ní ìparí, a ó sọ ohun tí a mọ̀ nípa táàgì náà fún un.

Oníbodè tó mọ ojú ènìyàn

Àwọn ìlú ńlá Yorùbá àtijọ́ ní odi, wọ́n sì gbẹ́ yàrà yí i ká. Ẹnubodè kò pọ̀, olúkúlùkù sì ní olùṣọ́ tirẹ̀. Oníbodè ni à ń pè é. Ẹni tó bá ru ẹrù wọlé tàbí tó gbé ẹrù jáde á san owó ibodè, owó ẹyọ sì ni wọ́n fi ń san án. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín pọ̀ sí okùn kan, ẹgbàá jẹ́ 2,000, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000. Owó náà kò dúró lọ́wọ́ oníbodè. Ọ̀dọ̀ ọba àti àwọn ìjòyè tó ni ẹnubodè ló ń lọ, ara ohun tí ààfin fi ń jẹun sì ni. Samuel Johnson, àlùfáà tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, sọ̀rọ̀ nípa àwọn oníbodè àti owó wọn.

Iṣẹ́ méjì ni oníbodè ń ṣe. Ó ń gba owó, ó sì ń dá ènìyàn mọ̀. A sábà máa ń rántí ti owó, a sì máa ń gbàgbé ìkejì. Láyé ìgbà yẹn, kò sí ìwé ìrìnnà, kò sí nọ́ḿbà ọkọ̀. Ojú, ilà ojú, ohùn ẹnu àti irú ẹrù tó wà lórí ni oníbodè fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀. Bí ohùn rẹ bá jẹ́ ti Ìjẹ̀ṣà, ó ti mọ ibi tí o ti wá kí o tó gbé ẹrù sọ̀. Àwọn ìránṣẹ́ ọba ní àmì tiwọn. Wọ́n máa ń fá orí ìlàrí Aláàfin lápá kan, kò sì sí ibi tí ó dé tí wọn kò ní mọ̀ pé ẹni ọba ni. Àwọn ikọ̀ mìíràn máa ń mú ọ̀pá olówó wọn dání, kí ẹni tó bá rí ọ̀pá lè mọ ẹni tó rán wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn: bí oníbodè kò bá mọ̀ ọ́, ẹ ṣì lè jọ sọ̀rọ̀. O lè dárúkọ onílé rẹ nínú ìlú, kí wọ́n ránṣẹ́ pè é. O lè bẹ̀bẹ̀, o lè jiyàn, o lè jókòó sábẹ́ igi títí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́ á fi kọjá. A kò sọ pé oníbodè kì í rẹ́ni jẹ o. Wọ́n rẹ́ni jẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ní etí, ó sì ní ojú.

Nígbà tí ọ̀nà dí

Ohun tí oníbodè lè ṣe tó burú ju owó gọbọi lọ ni pé kó ti ilẹ̀kùn. Ìyẹn gan-an ló sì ṣẹlẹ̀ léraléra ní ilẹ̀ wa lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú. Ogun ń jà káàkiri. Àwọn tó wà ní òkè, bí Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, nílò iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù láti etí òkun. Àwọn oníṣòwò Èkó náà nílò epo pupa, èkùrọ́ àti òwú láti òkè. Àárín àwọn méjèèjì ni Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá wà, àwọn ló sì di ọ̀nà mú.

Ká má purọ́, wọ́n ní ìdí wọn. Ẹni tí ọ̀nà gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá á fẹ́ jẹ níbẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú fẹ́ kí ọjà parí ní ààlà ilẹ̀ wọn, kí ará òkè má ṣe bá ará Èkó ná ọjà lójúkojú. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìjọba kan sílẹ̀ ní 1865, George William Johnson sì ni òpómúléró rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà fẹ́ máa gba owó-orí ọjà lọ́nà tó ní ìwé àti àkọsílẹ̀, bí ìjọba Òyìnbó ṣe ń ṣe ní Èkó. Àárín wọn àti Èkó dàrú. Ní 1867 ni ohun tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ifọ́lé ṣẹlẹ̀, tí wọ́n kó ilé àwọn Òyìnbó oníwàásù tí wọ́n sì lé wọn kúrò ní ìlú. Láti ìgbà náà, ọ̀nà lè là lónìí kó dí lọ́la. Ẹ ò rí i pé ẹnubodè tí kò ṣe é gbọ́kàn lé kì í ṣe ohun tuntun?

Ọ̀nà Oǹdó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀nà kan kò bá dí, òmíràn kì í là. John Glover ló ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, òun ni àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà. Ó wo ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ó dí. Ó wo ọ̀nà Ẹ̀gbá, òun náà dí. Ló bá kọjú sí ìlà oòrùn.

Ọ̀nà kẹta yìí gba orí omi ọ̀sà láti Èkó lọ sí apá Atíjẹ́rẹ́. Ó wá gba Ayésan wọ inú igbó, ó dé Òde Oǹdó, ó gba Òkè-Igbó kọjá lọ sí Ifẹ̀, Iléṣà àti ilẹ̀ Èkìtì. Ó jìn ju ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ, igbó rẹ̀ sì dí. Ṣùgbọ́n kò sí oníbodè Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀bú lórí rẹ̀.

Ìṣòro kan ló wà. Òde Oǹdó ti di ahoro nígbà náà. Ìjà ìlú àti ogun ti tú àwọn ènìyàn ká láti nǹkan bí àárín ọdún 1840 sí 1850, wọ́n ń gbé ní abúlé àti àgọ́. Ọ̀nà kò lè gba ahoro kọjá kó dára, nítorí ta ni yóò ta oúnjẹ fún aláàárù, ta ni yóò ṣọ́ ọ̀nà? Glover rán ikọ̀ lọ láti bá wọn parí ìjà. Ní 1872, àwọn Oǹdó padà sí ìlú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń rìn ní Òde Oǹdó lónìí, tí ẹ bá kọjá níwájú ààfin Ọ̀ṣemàwé, ẹ rántí pé àwọn tó padà wálé lọ́dún náà ló tún un tẹ̀dó. Lóòótọ́, ilé ló ń wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí ìjọba Èkó yára bá wọn parí ìjà ni pé ẹnubodè méjì níbòmíràn ti dí mọ́ ọn lójú.

Ọ̀nà náà kò wà fún ọjà nìkan. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn rán àwọn ènìyàn lọ ra ẹ̀tù ní Pọ́tónófò. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, àwọn Ẹ̀gbá kọlù wọ́n lọ́nà. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ló dá ogun sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde sí Ìbàdàn lábẹ́ àsíá Èkìtì Parapọ̀, ogun Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Oǹdó yìí ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ń kó ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun. Ìdí nìyẹn tí Ìbàdàn, bó ti lágbára tó, kò fi rí wọn ṣẹ́gun. Nígbà tí wọ́n sì ń wá ẹni tó lè bá wọn làjà, àlùfáà méjì ni ìjọba Èkó rán. Ọ̀kan ni Samuel Johnson tí a ti dárúkọ. Ìkejì ni Charles Phillips, tó ti ń ṣiṣẹ́ ìwàásù ní Oǹdó láti 1877. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú àgọ́ ká pátápátá.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé owó ọ̀nà jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré, ẹ tọ́ka sí Oǹdó. Ọ̀nà tí ẹnubodè sé yí ìtàn ìlú kan padà, ó sì fa ogun gùn.

Owó tó parọ̀ aṣọ

Báwo ni Òyìnbó ṣe yanjú ọ̀rọ̀ oníbodè? Wọ́n kọ́kọ́ fi owó bẹ̀ ẹ́. Ní oṣù Kínní ọdún 1892, Gómìnà Gilbert Carter bá àwọn Ìjẹ̀bú ṣe àdéhùn pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà, kí wọ́n má gba owó ibodè mọ́, ìjọba Èkó yóò sì máa fún wọn ní £500 lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Àdéhùn náà kò pẹ́ tó fi bàjẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, wọ́n jagun ní Ìmàgbọ̀n, ìbọn Òyìnbó sì borí. Lọ́dún 1893, Abẹ́òkúta náà fọwọ́ sí ìwé pé wọn kò ní ti ọ̀nà láìgba àṣẹ gómìnà.

Ṣùgbọ́n owó ọ̀nà kò kú. Ìjọba Ẹ̀gbá, tó dá dúró lábẹ́ àdéhùn náà títí di 1914, owó ibodè wà lára ohun tó fi ń ṣe ìlú. Nígbà tí Òyìnbó gba òmìnira náà lọ́wọ́ wọn, owó-orí tí olúkúlùkù ń san wọlé dé, ó sì wà lára ohun tó dá Ogun Àdùbí sílẹ̀ ní 1918. Ẹ wò ó dáadáa. Nígbà tí wọ́n bá mú owó kan kúrò ní ẹnubodè, ẹ tètè wo ibi tí yóò tún ti yọ. Aṣọ ló ń pa rọ̀.

Tóòlùgéètì

Àwọn tó dàgbà jù wá lọ ló rántí tóòlùgéètì orí màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìjọba ológun tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ darí ló parí ọ̀nà náà ní 1978. Nígbà tí ọkùnrin yìí kan náà padà wá gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá, ìjọba rẹ̀ ló wó àwọn tóòlùgéètì orí ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ní 2004. Ohun tí wọ́n sọ ni pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ pọ̀ níbẹ̀, owó sì ń sọnù lọ́wọ́ àwọn tó ń gbà á. Ilé náà wó, orúkọ kò wó. Títí di òní, bí o bá wọ ọkọ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Ọ̀tà, kọ́ńdọ́ ṣì ń pe "Toll Gate!" níbi tí kò ti sí ẹnubodè kankan.

Èkó ló tún gbé e padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, lẹ́yìn tí àwọn ará àdúgbò ti fi ẹ̀hónú hàn. Wọ́n ṣí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, wọ́n sì ń gba owó lórí òun náà. Agbẹjọ́rò Ẹbun-Olú Adégbọ́rùwà gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó dájọ́ pé kò sí òfin tó ti owó afárá náà lẹ́yìn. Ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì ń gba owó lọ. Lórí ọ̀nà wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ rí táàgì: ọkọ̀ á sún mọ́ ọ̀pá ìdábùú, ẹ̀rọ á ké, ọ̀pá á gbéra, kò sí ẹni tó bá awakọ̀ sọ̀rọ̀.

A kò lè sọ̀rọ̀ tóòlùgéètì ká fo ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Ẹgbẹ́ wa, àwọn ọ̀dọ́, ló jókòó sí ẹnubodè Lẹ́kí nínú ìwọ́de EndSARS, àsíá Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn níbẹ̀. Kò sí àlàyé táàgì tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Owó dúró ní ẹnubodè méjèèjì lẹ́yìn náà. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lórí afárá. Ibi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú ni ará ìlú máa ń lọ nígbà tó bá fẹ́ kí ìjọba rí òun. Ó mọ̀ pé níbẹ̀, ó kéré tán, ojú ìjọba ń ṣọ́nà.

Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa. Ní 1959, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé kan, William Vickrey, dábàá pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní Washington, kí ẹ̀rọ ojú ọ̀nà lè mọ ọkọ̀ tó kọjá, kí wọ́n sì fi ìwé owó ránṣẹ́ sí olówó rẹ̀. Àwọn ènìyàn kò kà á sí nígbà náà. Ní 1989, ọ̀nà kan ní Dallas bẹ̀rẹ̀ sí í lo táàgì, ó sì tàn kálẹ̀. Vickrey gba ẹ̀bùn Nobel ní 1996, ó sì kú láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n kéde rẹ̀.

Bí táàgì ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ̀rọ tó wà lókè ẹnubodè ń fi ìgbì rédíò ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Táàgì gbọ́ ọ, ó sì fi nọ́ḿbà tirẹ̀ dáhùn. Ẹ̀rọ wá nọ́ḿbà náà nínú àkọsílẹ̀, ó yọ owó. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ àpótí kékeré tó ní bátìrì nínú. Ìkejì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwé, kò ní bátìrì, agbára inú ìgbì tó bá a ló fi ń dáhùn. Bí ẹ bá wo gíláàsì àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Àkúrẹ́ dáadáa, ẹ ó rí irú èyí lára wọn, tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ní Amẹ́ríkà lẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ ti sọdá òkun, ó ti gba nọ́ḿbà Àkúrẹ́, àmì oníbodè ìlú òkèèrè ṣì wà níwájú rẹ̀.

Kí ló wá dé tí ọkọ̀ oníná fi ń yọ táàgì lẹ́nu? Kì í ṣe iná inú rẹ̀. Gíláàsì ni. Ọkọ̀ oníná kò fẹ́ fi bátìrì rẹ̀ ṣòfò lórí ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí pé ohun tí ẹ̀rọ náà bá jẹ ń dín ìrìn rẹ̀ kù. Nítorí náà, àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe é máa ń fi ìpele irin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ojú kò rí, sínú gíláàsì iwájú kó lè lé ooru oòrùn padà. Ìpele irin yìí lé ooru, ó sì lé ìgbì rédíò pẹ̀lú. Àwọn ọkọ̀ olówó ńlá tó ń lo epo náà ní irú gíláàsì yìí. Táàgì wà nínú ọkọ̀, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ilé tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa ló rí.

Àwọn tó ṣe gíláàsì náà mọ̀ pé èyí yóò ṣẹlẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fi ojú kan sílẹ̀ tí kò ní irin, ó sì sábà máa ń wà nítòsí dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n wa, ohun tí ẹ ó ṣe rèé:

Ẹ ṣí ìwé tó bá ọkọ̀ yín wá, kí ẹ wá ibi tó ní kí ẹ fi táàgì sí. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sí ibi tí ẹ gbé e sí nínú ọkọ̀ àtijọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí irin ni ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Bí táàgì yín bá jẹ́ àpótí oníbátìrì, ọdún mẹ́fà kì í ṣe kékeré. Bátìrì inú rẹ̀ lè ti ń rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rí lónìí tí kò rí lọ́la, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwé, ẹ má gbìyànjú láti ṣí i kúrò lára gíláàsì kan sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ ló ń bàjẹ́ nígbà tí wọ́n bá ṣí i.

Bí gíláàsì yín kò bá ní ojú tó mọ́ rárá, ẹ béèrè irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú ọkọ̀ níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà. Ẹ má ṣe fi táàgì méjì sínú ọkọ̀ kan. Ẹ má sì ṣe gbé e sínú àpò tàbí kí ẹ máa fọwọ́ mú un sókè nígbà tí ẹ bá dé ẹnubodè.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé kí ẹ kọ nọ́ḿbà ọkọ̀ tuntun náà sínú àkọsílẹ̀ yín lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì yọ ti àtijọ́ kúrò. Nígbà náà, bí ẹ̀rọ kò bá tilẹ̀ rí táàgì, kámẹ́rà á rí nọ́ḿbà, wọ́n á sì rí i pé oníbàárà wọn ni yín. Bí wọ́n bá ti fi owó ìtanràn ránṣẹ́, ẹ má dákẹ́. Ẹ fi àkọsílẹ̀ yín hàn wọ́n, kí ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ohun tí ìtàn sọ fún wa

Bí a bá wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, láti ọ̀dọ̀ oníbodè dé orí táàgì, iṣẹ́ méjì náà ni ẹnubodè ṣì ń ṣe: ó ń gba owó, ó ń dá ènìyàn mọ̀. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ń jìyà nígbà tí ìdánimọ̀ bá kùnà. Nígbà ayé àwọn baba wa, àwọn méjèèjì ló ń jìyà. Arìnrìn-àjò á pẹ́ lọ́nà, oníbodè náà á sì fi gbogbo ọ̀sán jiyàn. Lónìí, ẹ̀rọ kò pàdánù ohunkóhun nígbà tí kò bá rí ọ. Ọ̀pá á gbéra tàbí kámẹ́rà á ya àwòrán, ìwọ tó ti sanwó sílẹ̀ ni yóò wá fi ẹnu ara rẹ ṣàlàyé pé o kì í ṣe olè.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà ní 2021 pé owó ọ̀nà yóò padà sórí àwọn ọ̀nà rẹ̀ kan, ní 2025 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lórí ọ̀nà Keffi sí Makurdi. Ọkọ̀ oníná náà ń bọ̀. Láti 2021 ni ibùdó tí wọ́n ti ń fi iná oòrùn gba agbára sínú ọkọ̀ ti wà ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Ṣókótó. Bó pẹ́ bó yá, táàgì yóò dé ọ̀nà tiwa. Ohun tí a ó béèrè lọ́jọ́ náà nìyí. Èkíní, kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara wà ní ẹnubodè tàbí lórí fóònù, ẹni tó lè gbọ́ àlàyé. Ìkejì, kí ẹ̀rọ tí kò ríran má ṣe bu owó ìtanràn lé ẹni tó ti sanwó. Ìkẹta, kí ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí kò lè san án. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Oǹdó ni ẹlẹ́rìí wa.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti gbé táàgì náà sí ojú tó mọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe lọ. Ẹ̀yin tó kù, ẹ bi àwọn ìyá àti bàbá yín àgbà léèrè ẹnubodè tó wà ní ìlú yín rí, àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ. A ń retí rẹ̀. Ọ̀nà á là fún gbogbo wa o.